Má Dá A Lóhùn

Ọwọ́ obìnrin yìí rọ̀ débi pé tó bá gbé ọmọ jòjòló láti orí bẹ́ẹ̀dì kan sí òmíì, ọmọ náà ò ní mọ̀ títí á fi pé ogún ọdún. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń tọ́jú arúgbó kiri ilé onílé ṣe sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ fún un wà o, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ọ níbí. Orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi mú un.

Bó ṣe mọ iṣẹ́ tó yẹn, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò sátífíkéètì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó fọ ọwọ́ débi pé ìlà àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí kúrò. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ti bíréékì àga onítáyà, ó gbé aago ìpè síbi tí ọwọ́ aláìsàn á ti tó o. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó kan tí irun ẹ̀ funfun ju mílíìkì lọ ni wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ kó ṣe bí ẹni tára ẹ̀ ò yá, òfin sì ni pé kí èèyàn tó fọwọ́ kàn án, kó kọ́kọ́ pe orúkọ ẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá," ni Jẹ́jẹ́ wí, orúnkún ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

Obìnrin onígíláàsì tó ń ṣe ìdánwò fún wọn gbójú sókè. "Bàbá wo?"

"Bàbá yìí, mà."

"Orúkọ wọn ńkọ́? Wọ́n ti sọ ọ́ fún ẹ."

Jẹ́jẹ́ la ẹnu. Orúkọ ọ̀hún wà lórí ahọ́n ẹ̀, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lómi. Kí òun ṣí ẹnu pe ẹni tó tó bí ìyá òun lórúkọ gbàgàdà? Ahọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ó tún ní, "Bàbá mi dáadáa."

"Tí Bàbá bá pé mẹ́ta nínú ilé kan ńkọ́? Wàá gbé oògùn ọ̀kan fún èkejì, ìyẹn á sì gba ibẹ̀ lọ." Onígíláàsì dìde. "Ó tó. Máa lọ."

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n á jẹ́ kó tún un ṣe. Tó bá tún fìdí rẹmi, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, yàrá tó ń sùn bọ́, Màmá Tíṣà, arúgbó tó ń bá gbé tó sì ń tọ́jú, á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

*

Ilé Màmá Tíṣà dákẹ́ débi pé tí eṣinṣin bá wú ikọ́, wàá kí i pé pẹ̀lẹ́. Màmá ti kọ́ gbogbo ìlú níwèé, ó wá gbàgbé gbogbo ìwé. Ó gbàgbé ọkọ, ó gbàgbé ọmọ, ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé omi mì. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ nìkan ni ò gbàgbé. Tí ọwọ́ mìíì bá kàn án, á figbe ta tí àwọn aládùúgbò á fi gbé garawa omi sáré jáde pé ilé ń jó. Àǹtí ló ń pe Jẹ́jẹ́, torí lójú ẹ̀, ọmọ kékeré lòun, ẹ̀gbọ́n òun ló sì ń wẹ òun.

Nílé, Àǹtí. Lọ́fíìsì, Jẹ́jẹ́. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ fi ń pè é wálé tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ìyá ti kú. Àbúrò kan ṣoṣo tó kù ò gbé fóònù ẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án, tí Màmá bá sùn, Jẹ́jẹ́ á tan rédíò ní kíṣìnnì, á sì máa dá ẹni tó ń ka ìròyìn lóhùn. "Ẹ ṣeun, sà." "Áà, ìyẹn ò mà dáa." "Ó dìgbà o, sà."

Ọ̀sán kan báyìí, oòrùn ń jó bíi pé wọ́n rán an níṣẹ́, Jẹ́jẹ́ ń lọ aṣọ Màmá lọ́wọ́. Ohùn kan pè é láti ìdí ẹ̀rọ omi ní kíṣìnnì.

Orúkọ ẹ̀ ni. Odindi. Pẹ̀lú bí ìyá ẹ̀ ṣe máa ń fa ìparí ẹ̀ gùn, tí á wá rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn.

Áyọ́ọ̀nù dúró sójú kan, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Jẹ́jẹ́ ò mọ̀. Ẹnu ẹ̀ ti là, "Mà" ti dé etí ètè.

"Má dá a lóhùn."

Màmá Tíṣà ló sọ̀rọ̀. Màmá tí ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ti jókòó ṣánṣán lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ẹ̀ mọ́ kedere, ó na ìka sí kíṣìnnì bí ẹni ń nàka sí ọmọ tó ń pariwo ní kíláàsì.

"Àǹtí, má dá a lóhùn. Kò lẹ́sẹ̀."

Ó tún dùbúlẹ̀, ó ń hanrun.

*

Obìnrin kejì ni wọ́n ń pè ní Fáàrí. Tó bá fẹ́ lọ da ilẹ̀ nù lásán, á kun ètè. Iṣẹ́ kan náà lòun náà ń ṣe, òun sì ti yege nínú ìdánwò tiẹ̀. Ṣùgbọ́n inú yàrá kótópó kan lòun àti àwọn obìnrin tó tó bàtálíọ̀nù ológun ń há sí. Tí ẹnì kan bá yíra padà lójú oorun, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ yí. Ọjọ́ kan ló wá kí Jẹ́jẹ́, ó rí yàrá ẹ̀: fèrèsé fẹ̀, ilẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn ún mọ́. Ọ̀gá wọn sì ti là á mọ́lẹ̀ pé tí Jẹ́jẹ́ bá tún fìdí rẹmi, Fáàrí ló ń kó lọ sọ́dọ̀ Màmá Tíṣà.

Kí ohùn yẹn tó kọ́kọ́ pe Jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún fáànù ṣe ni Fáàrí ti lọ jókòó sí. Bàbá Wáyà làwọn èèyàn ń pè é. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa kì í pè é rárá. Kò wojú Fáàrí, ó ń fi òróró pa àgádágodo kékeré kan lára.

"O mú orúkọ ẹ̀ wá?"

"Jẹ́jẹ́ ni, Bàbá."

"Ìyẹn kọ́. Èyí tí ìyá ẹ̀ ń pè é."

Fáàrí ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí onígíláàsì pe Jẹ́jẹ́ wọlé ìdánwò. Ó sọ ọ́. Fáànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wáyà ẹ̀ ti já, tí ò sí iná nílé, yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

"Ohùn á máa pè é," ni Bàbá Wáyà wí. "Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ìpè náà, àgádágodo yìí á pa dé. Ahọ́n ẹ̀ á sùn."

"Ṣé kò ní kú, Bàbá?"

"Ṣé o gbọ́ ikú lẹ́nu mi? Mo ní ahọ́n á sùn. Ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀, báwo lá ṣe pe orúkọ aláìsàn?" Ó gbé àgádágodo fún un, ẹnu ẹ̀ ṣì là sílẹ̀. "Máa gbé e káàkiri. Má fi ṣeré. Nǹkan yìí ò lójú, kò mọ ẹni tó ni orúkọ. Ẹni tó bá jẹ́ ló mọ̀."

Fáàrí ti ń ro irú kọ́tìnnì tí òun máa ta sí fèrèsé.

*

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni Jẹ́jẹ́ ti ń ra ọṣẹ tó fi ń wẹ Màmá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ohùn náà pè é, kó tó kí i tán, obìnrin náà ti di etí ẹ̀ mú, ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbóòórùn ẹ̀.

"Ta ló ń pè ẹ́?"

Ara Jẹ́jẹ́ bù máṣọ. "Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?"

"Etí ẹ ń rùn òróró fáànù." Ìyá Ọlọ́ṣẹ pòṣé. Òṣé náà gùn débi pé èèyàn lè sá aṣọ lé e. "Bàbá àwọn ọmọ mi! Ọkùnrin yìí ò ní jẹ́ n sinmi. Ó lé mi nílé, ó tún ń lé mi ní ọjà."

"Ọkọ yín ni, mà?"

"Ó ti jẹ́ ọkọ mi rí. Ní báyìí, ìyọnu lásán ni. O ti jẹ́?"

"Rárá, mà. Ó kù díẹ̀."

"Má jẹ́ o. Ẹnu yòówù kó ti jáde. Ẹnu ọ̀gá, ẹnu ọlọ́pàá, ẹnu òkú. Títí wàá fi ṣe ìdánwò tó o sọ fún mi yẹn tán." Ó gé ọṣẹ kan tó dúdú ju ìsàlẹ̀ kànga lọ, ó fi ewé wé e. "Èyí kì í ṣe ti ara. Etí ni kó o máa fi fọ̀."

"Ìyá, orúkọ yẹn náà ni wọ́n máa fi pè mí wọlé ìdánwò."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ tú ewé ọṣẹ, ó tún un wé. Obìnrin tó lè bá ògiri jà tí ògiri á bẹ̀ ẹ́, ewé lásán ló wá ń bá jà.

"Ìyẹn, ìwọ lo máa dá a yanjú," ló wí. "Jẹ́jẹ́ tí ò gbọdọ̀ jẹ́. Àwọn tó sọ ẹ́ lórúkọ yẹn náà ló ń wá wàhálà." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, á máa dùn létí ẹ o. Kì í ṣe ìyá ẹ. Ìyá ẹ ò sí nínú ẹ̀rọ omi."

*

Ohùn náà gbóná sí i. Ó pè é nínú fóònù tí bátìrì ẹ̀ ti kú. Ó pè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, lábẹ́ ìdérí ìkòkò, lẹ́nu awakọ̀ kan tí ò mọ̀ ọ́n rí, tó pè é tán tó wá ń wojú ara ẹ̀ nínú dígí bí ẹni tí wọ́n yá lẹ́nu lò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò dánu dúró láàrin ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù, ó pe Jẹ́jẹ́ lórúkọ, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ epo lọ.

Jẹ́jẹ́ pa rédíò. Ó wá ku òun nìkan. Ó ń fọ etí láàárọ̀, ó ń fọ̀ ọ́ lálẹ́, ó fọ̀ ọ́ títí awọ etí fi ń tàn yanran. Ẹ̀rù ń bà á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ohùn náà bá pẹ́ kó tó dé, á rí i pé ó ti ń wo ọ̀nà ẹ̀rọ omi bí ẹni ń retí àlejò. Èyí bà á lẹ́rù ju ohùn fúnra ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni Fáàrí wá, ètè pọ́n fòò, ọsàn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà! Mo ní kí n wá fi yín lọ́kàn balẹ̀ ni o."

"O káre, àbúrò mi. Jókòó, kí n bu omi fún ẹ."

Jẹ́jẹ́ kọjú sí ẹ̀rọ omi, ó gbé ife síbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, Fáàrí fọwọ́ kan báàgì, ó wá pe orúkọ. Orúkọ gan-an. Kò fi Àǹtí síwájú, kò fi Ẹ̀gbọ́n síwájú. Ó pè é gbàgàdà bí ẹni ń pe ajá.

Omi kún ife, ó ṣàn lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, ó ń ṣàn sílẹ̀. Fáàrí tí kì í pe ẹni tó bá fi oṣù kan jù ú lọ láì sọ pé Ẹ̀gbọ́n! Níbi tó ti kọ̀yìn sí i yẹn, Jẹ́jẹ́ mọ ẹni tó rán ohùn sí òun.

"Ẹ̀gbọ́n, mò ń pè yín o."

Jẹ́jẹ́ yíjú padà, ó gbé ife síwájú ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Omi ló wọ̀ mí létí níbi tí mo ti ń wẹ Màmá."

"Etí méjèèjì?"

"Méjèèjì. Lẹ́yìn ìdánwò ló máa gbẹ."

Wọ́n wojú ara wọn. Èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ rú láàrin wọn.

"Jẹ́jẹ́ tí kì í jẹ́," ni Fáàrí wí, ó dìde. "Ẹ máa palẹ̀ ẹrù mọ́ díẹ̀díẹ̀ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹrù tí wọ́n bá sáré dì máa ń dun èèyàn lẹ́yìn."

"Ìwọ náà, nu eyín ẹ kó o tó jáde. Ọ̀dà ètè ti dé ibẹ̀."

Bí Fáàrí ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Màmá Tíṣà figbe ta. Àwọn aládùúgbò méjì ló gbé garawa jáde.

Fáàrí ò lọ sílé. Ọ́fíìsì ló gbà lọ, ó bẹ ọ̀gá títí ọ̀gá fi gbà. Àwọn tó bá ti yege ni wọ́n máa ń mú pé kí wọ́n dùbúlẹ̀ ṣe aláìsàn fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò. Fáàrí ní òun fẹ́ ṣe é. Ó ní àánú Ẹ̀gbọ́n òun ń ṣe òun.

*

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Gbogbo àwọn yòókù ló ní ẹni tó sìn wọ́n wá: ọkọ, ìyá, ọ̀rẹ́ tó ń bá wọn gbé báàgì dání. Àga ẹ̀gbẹ́ Jẹ́jẹ́ ṣófo. Òórùn oògùn ìfọlẹ̀ ń ta èèyàn nímú.

Ilẹ̀kùn ṣí, onígíláàsì yọjú, ó pè é.

Ẹnu onígíláàsì ló mì, ṣùgbọ́n ohùn ìyá Jẹ́jẹ́ ló jáde, pẹ̀lú ìparí tó gùn yẹn. Omi dé sí Jẹ́jẹ́ lójú. Ó jẹ ètè ẹ̀ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

Onígíláàsì tún pè é. "Ṣé kò wá ni? Tí ò bá dáhùn, kí n kọ ọ́ pé kò wá."

Jẹ́jẹ́ fò dìde, ó kúnlẹ̀ gbì sáàrin ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà! Ẹ káàárọ̀, mà! Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́, mà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìdúró o!"

Ìkíni ni. Kò sẹ́ni tó lè pè é ní ìdáhùn. Onígíláàsì ló wá di ẹni tó ń jẹ́: "Ẹ̀n, káàárọ̀, a jí dáadáa, wọ́n wà, ó ṣeun. Wọlé, jàre, o ti fẹ́ fi ìkíni pa mí!"

Nínú yàrá, Fáàrí ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti dé wíìgì eléwú fún un, aṣọ ìbora dé ọrùn, báàgì ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá arúgbó nìyí," ni onígíláàsì wí. "Ẹsẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́. Gbé wọn sínú àga. Bẹ̀rẹ̀."

Jẹ́jẹ́ fọwọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó ti bíréékì. Ó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ̀ ba. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín, kó lè dá mi lójú pé ẹ̀yin ni mo wá tọ́jú?"

Ohun tí Fáàrí ti ń dúró dè nìyí. Ó rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu, ó sọ orúkọ Jẹ́jẹ́.

"Ṣé tìẹ kọ́ nìyẹn?" ni onígíláàsì bi Jẹ́jẹ́. "Ó dáa, èèyàn méjì lè jọ jẹ́ orúkọ kan. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Pè wọ́n."

Pàkúté ti dí níwá, ó dí lẹ́yìn. Tí kò bá pè é, ó fìdí rẹmi. Tó bá pè é, òun fúnra ẹ̀ ló pe ara ẹ̀ yẹn, ta ló kù tó máa jẹ́? Yàrá sì ti kún fún ohùn. Ìyá ẹ̀ ń pè é lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ìbọ̀wọ́, nínú táyà àga. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Òógùn ń já bọ́ lára Jẹ́jẹ́ bíi pé wọ́n ṣí i.

Ó wo ojú tó wà lábẹ́ wíìgì. Bàbá onírun funfun kọ́ nìyí. Fáàrí tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ni. Kò sí ohun tó di ahọ́n ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó pè é. Ó pè é bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tára ẹ̀ ò yá, bí ìyá ẹ̀ ṣe máa ń pè é wálé. Ó fa ìparí ẹ̀ gùn, ó rọra gbé e sílẹ̀. Ohùn tó rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìyá bá ti pè rí láyé, kó tó rò ó, ẹnu ẹ̀ á ti ṣí.

"Mà?" ni Fáàrí jẹ́.

Nínú báàgì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nǹkan kan dún: kàcá.

Fáàrí la ẹnu. Afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ó di ọ̀fun mú, ojú ẹ̀ ń yọ bọ̀ bí ojú àkèré.

"Ẹ má bẹ̀rù," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mo wà níbí." Ó gbé Fáàrí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e jókòó sínú àga, ó tẹ́ aṣọ lé e lẹ́sẹ̀, ó fi aago ìpè lé e lọ́wọ́. Ó wá kọjú sí onígíláàsì. "Mà, ẹni tí mò ń tọ́jú ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ bá mi pe dókítà."

"Ó tún kíyè sí i!" Onígíláàsì ṣí gíláàsì, ó ń pàtẹ́wọ́. "O yege! Ìwọ tó ò ń ṣe aláìsàn yìí náà, o kú iṣẹ́, bí ẹni tó ń ṣe é lóòótọ́!"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yọjú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Fáàrí. Fáàrí ń lu aago. Ó ń lù ú, ó ń lù ú.

*

Àwọn dókítà tó yẹ ọ̀fun Fáàrí wò lè kún pápá ìṣeré. Wọn ò rí nǹkan kan. Jẹ́jẹ́ fúnra ẹ̀ lọ bá a bẹ̀bẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Wáyà tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ júwe fún un. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, inú ẹ̀ ṣófo, kò ku ẹyọ fáànù kan. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní òun ò mọ ibi tó gbà, pé tóun bá mọ̀ ọ́n, òun ì bá ti kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé òun.

Jẹ́jẹ́ gba sátífíkéètì. Iṣẹ́ dúró, yàrá dúró, Màmá Tíṣà ń sùn ní wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ohùn náà ò pè é mọ́. Ẹni tó ń ka ìròyìn ń ka ìròyìn, ẹ̀rọ omi ń kán omi lásán.

Inú ẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tó yá, ilé náà wá dákẹ́ lọ́nà tí ò dákẹ́ rí.

Ọ̀sán kan, Màmá ti sùn, Jẹ́jẹ́ wọ yàrá ẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Ojú ti ń tì í kó tó la ẹnu rárá. Ó kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa ń dún ni. Ó rọra pe orúkọ ara ẹ̀.

Ẹnì kan jẹ́.

Láti inú ògiri ni, ó jìnnà, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. "Hìn-ín." Ohùn Fáàrí ni.

Gbogbo irun ara Jẹ́jẹ́ dìde. Ó sá dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ti di kọ́kọ́rọ́ mú kó tó dúró. Kò sí ìró kankan nínú ilé. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀.

Ó wá padà, ó fa àga sún mọ́ ògiri, ó jókòó, ó sì tún pè é.